Ọmọ àti Ẹran Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Sìn: Ìrántí Ìpàtẹ Ẹran Ọ̀sìn ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà

  

Ní ilé tí wọ́n bá ti ń ṣe ọdún Iléyá, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, ọmọdé kan wà tí gbogbo ará ilé mọ̀. Bàbá ti ra àgbò wálé nígbà tí ọdún ku oṣù kan tàbí méjì, kí owó rẹ̀ tó gun òkè. Ọmọ yìí ni wọ́n fi àgbò lé lọ́wọ́. Òun ló ń já ewé fún un, òun ló ń bomi fún un, èèpo iṣu àti èèpo gbágùúdá kò gbọdọ̀ ṣòfò nílé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fà á kiri àdúgbò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà á fa tiwọn wá, wọ́n á máa wo ti ta ni ìwo rẹ̀ ká jù. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, nígbà tí àwọn àgbà ti yídì dé, wọ́n á wá ọmọ títí. Wọ́n á bá a lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ó ti tú okùn àgbò náà, ó ti lé e wọ inú igbó. Wọ́n á fi ṣe ẹ̀rín fún ọdún mẹ́wàá.

Ìtàn òní kò jìnnà sí ti ọmọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ló ti ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà kan pàdé tó dàgbà sí oko ní Ohio, ní Iowa tàbí ní Indiana, tí ẹ sì bi í léèrè ohun tó dùn mọ́ ọn jù ní kékeré, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní dárúkọ Kérésìmesì. Ìpàtẹ àgbègbè ni wọn yóò sọ: ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, ní àsìkò ooru tiwọn, tí àwọn àgbẹ̀ inú àgbègbè ń kó màlúù, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́, adìyẹ àti ehoro wá sí ojú kan náà kí wọ́n lè wo èyí tó dára jù. Ẹni tó ti di dókítà ní ìlú ńlá, tí irun orí rẹ̀ ti funfun, á ṣì máa rántí orúkọ màlúù tó fà wọ agbo nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Orúkọ olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìṣirò lọ́dún yẹn lè ti sọnù lórí rẹ̀.

Elkanah Watson ni wọ́n máa ń pè ní baba irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Oníṣòwò ni, ó wá di àgbẹ̀. Ní 1807 ó mú àgùntàn méjì wá sí gbàgede ìlú Pittsfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó so wọ́n mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹ̀yà Merino ni wọ́n, èyí tó ti ilẹ̀ Spéènì wá, tí irun rẹ̀ gbajúmọ̀ fún aṣọ híhun. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn rọ́ wá, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, wọ́n ń wò, wọ́n ń fọwọ́ kan irun náà. Watson wá rò ó pé bí ẹran méjì bá lè kó èrò jọ tó báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí gbogbo àgbẹ̀ bá kó tiwọn wá? Ní 1810 wọ́n ṣe ìpàtẹ màlúù àkọ́kọ́ ní àgbègbè Berkshire yẹn, nígbà tó sì di 1811 ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ti dúró. Wọ́n tò jáde bíi ti ọdún tiwa yìí: ọ̀pọ̀ akọ màlúù tí a so pọ̀ ń fa ohun ìtúlẹ̀ kan ṣoṣo, tí arúgbó di ìdí rẹ̀ mú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé náà ní tiwọn. Ẹ̀yin tó ka ìwé Faransé dáadáa ní kólẹ́ẹ̀jì yóò rántí Madame Bovary tí Gustave Flaubert kọ. Ìpàtẹ àgbẹ̀ kan wà nínú ìwé náà, ibi tí àwọn aláṣẹ ti ń sọ̀rọ̀ gígùn, tí màlúù àti àgùntàn sì ń ké lu ọ̀rọ̀ wọn. (Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní kò ní gùn tó yẹn.) Níbẹ̀ ni wọ́n ti pe ìyá arúgbó kan, Catherine Leroux, tó ti ṣiṣẹ́ lóko kan ṣoṣo fún ọdún 54. Wọ́n fún un ní ẹ̀yẹ fàdákà tí owó rẹ̀ jẹ́ 25 fáráǹ. Ẹ̀fẹ̀ ni Flaubert ń fi wọ́n ṣe, ẹ̀fẹ̀ náà sì tọ́ sí wọn. Títí dòní, Faransé kò fi ìpàtẹ ẹran ṣeré: láti 1964 ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó tóbi jù ní Paris, ní Porte de Versailles, olórí ìjọba kì í sì fẹ́ kó kọjá kí wọ́n má rí òun níbẹ̀ kó fọwọ́ pa màlúù lára.

Ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ ní ọ̀nà kan, ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀rọ̀ òní dá lé: ọmọdé. Ní oṣù kìíní 1902, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ohio, A. B. Graham, kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ sí yàrá abẹ́ ilé ẹjọ́ àgbègbè Clark. Ó ní kí wọ́n gbin àgbàdo àti ewébẹ̀ tiwọn, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ oko bàbá wọn wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àgbà kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí àgbàdo ọmọ bá ga ju ti bàbá rẹ̀ lọ nínú oko kan náà, bàbá á dákẹ́, á wò ó. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀, wọ́n di ohun tí à ń pè ní 4-H lónìí, lẹ́tà H mẹ́rin fún orí, ọkàn, ọwọ́ àti ìlera. Òfin kan tí ìjọba wọn ṣe ní 1914 ló fún iṣẹ́ náà ní owó àti ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ẹran ọ̀sìn kò pẹ́ tó fi wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lóko kan ní Iowa. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó; ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti rin ọ̀nà yìí, bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́ ni yìí.

Nígbà tí ewé bá ti ń já, tí òtútù fẹ́ dé, ó lọ yan ọmọ màlúù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Akọ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó wọn bíi 250 kílò. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Bàbá rẹ̀ lè yá a lówó, bánkì náà lè yá a, ó sì máa kọ gbèsè yẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ wọn. Iye tó fi ra ẹran, iye kílò oúnjẹ tó ń jẹ, owó dókítà ẹran, owó okùn, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí ìwé bá sì pé tán ni ọmọ yóò mọ̀ bóyá òun jèrè tàbí òun pàdánù.

Àgbà tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè rẹ́rìn-ín sínú. Nílé tiwa náà, ẹ̀gbọ́n ìyá máa ń fún ọmọ ní òròmọdìyẹ, á ní, "Tìrẹ nìyí o." Ọmọ á tọ́ ọ, á di àgbébọ̀, á yé ẹyin, á pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò pàtàkì bá dé lójijì, adìyẹ ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú? Bí ọmọ bá sunkún, wọ́n á ní "a ó ra òmíràn fún ọ." Ó yẹ kí ẹ̀yin tó wà níjòókòó yìí bi ara yín léèrè bóyá wọ́n padà ra òmíràn.

Ó di kí ọmọ yẹn kọ́ màlúù rẹ̀ ní ìrìn. Wọ́n á fi okùn ìjánu sí i lórí, wọ́n á so ó mọ́ ọgbà, kó lè mọ̀ pé okùn lágbára ju òun lọ. Òun nìkan ni okùn náà lágbára jù, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá tú u láti fà á lọ mumi, màlúù ni yóò fa ọmọ. Á wọ́ ọ nílẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá, àwọn àbúrò á máa pariwo pé kó jọ̀wọ́ okùn, ọmọ kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìtàn yìí kì í tán lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Oníkálukú ló ní àpá orúnkún tiẹ̀ tó lè fi hàn yín. Ọmọ Fúlàní tó ń da àádọ́ta màlúù kọjá ní ọ̀nà Ṣábẹ pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo á wo èyí bí ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n màlúù tirẹ̀ ń tẹ̀lé agbo ẹgbẹ́ wọn ni. Èyí tí a fẹ́ kó dá nìkan rìn láàárín èrò, nínú ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ tí kò wọn tó ìdámẹ́wàá rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni.

Nígbà òtútù, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọkọ̀ ilé ìwé tó dé, ó ti wà ní ilé ẹran. Omi ti di yìnyín nínú ọpọ́n, ó gbọ́dọ̀ fọ́ ọ. Ó da oúnjẹ sílẹ̀, ó dúró díẹ̀ kí ara ẹran náà mú un lọ́wọ́ móoru. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti wọlé, kì í ṣe ọjọ́ ìpàtẹ. Nígbà tí òtútù bá kọjá, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fọ irun rẹ̀ sókè, ó ń fi ọ̀pá gígùn yún un nínú kó lè dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí oṣù kéje tàbí oṣù kẹjọ bá dé, màlúù tó jẹ́ 250 kílò ti di bíi 600.

Lẹ́yìn náà ni ìpàtẹ dé. Àwọn ọmọ ń sùn sórí koríko gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran wọn, nítorí ẹran lè tú okùn lóru, àti nítorí pé kò sí ọmọ tó fẹ́ sùn sílé. Wọ́n ń ta iyẹ̀fun dídín tí a da ṣúgà lé, àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan ń yí àwọn ènìyàn lójú ọ̀run, àwọn ìyá ń ṣe ìdíje èso inú ìgò àti àkàrà òyìnbó. Bí ọjọ́ bá sì mọ́, gbogbo ọmọ á ti dìde ní aago márùn-ún láti wẹ ẹran, ìlà á ti gùn níbi omi.

Nínú agbo, olùyẹ̀wò dúró láàárín, àwọn ọmọ ń fa màlúù yí i ká. Ó ń wo ẹ̀yìn bóyá ó tẹ́, ó ń wo ẹsẹ̀ bóyá ó dúró ṣinṣin. Bó bá jẹ́ àgùntàn, ó ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè mọ ẹran àti ọ̀rá. Ìdíje mìíràn wà tí kì í ṣe ẹran ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bí kò ṣe ọmọ: bó ṣe ń darí ẹran, bó ṣe ń fojú sí ara olùyẹ̀wò, bí kò ṣe jẹ́ kí ara òun dí ẹran lójú rẹ̀. Ọmọ tálákà tí ẹran rẹ̀ kéré lè gba ipò kìíní níbẹ̀. Ríbọ́nù aláwọ̀ búlúù ni ti ẹni àkọ́kọ́, pupa ni ti èkejì, funfun ni ti ẹ̀kẹta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni wọ́n ń fún ẹni àkọ́kọ́, nítorí náà kí ọmọ tó yọ̀, kó kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tó wà.

Ohun kan tó dára nínú ìṣe wọn ni pé olùyẹ̀wò kì í kàn pín ríbọ́nù kó sì máa lọ. Á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á sọ fún gbogbo èrò ìdí tí màlúù yìí fi wà níwájú èyí, àti ohun tí èyí tó kẹ́yìn náà fi dára. Ọmọ tó kẹ́yìn ń gbọ́ ọ, bàbá rẹ̀ náà ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ ìdíje ijó àti aṣọ nílé wa mélòó ló lè dúró sọ ìdí?

Kò yẹ kí a sọ ìtàn adùn yìí bí ẹni pé gbogbo ọmọ ló jẹ nínú rẹ̀. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, tí ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ wa wà lára púpọ̀ nínú wọn, wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú olùkọ́ ọ̀tọ̀ àti owó tó kéré. Ní ìpàtẹ ńlá ìpínlẹ̀ Texas ní Dallas, láti 1936, wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1955 àwọn ọ̀dọ́ wọn dìde, Juanita Craft ló ṣáájú wọn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkọlé lọ́wọ́. Olùkọ́ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba wọn gbà, Thomas Campbell, láti Tuskegee ní Alabama ló ti ń ṣiṣẹ́ ní 1906, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ran tí George Washington Carver ṣètò rẹ̀ láti máa gbé ẹ̀kọ́ lọ bá àgbẹ̀ lóko.

Orúkọ Tuskegee kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Tógò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901, àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ibẹ̀ gúnlẹ̀ sí Lomé, James Calloway ni olórí wọn, àwọn Jámánì tó ń jọba níbẹ̀ ló pè wọ́n láti wá kọ́ni ní oko òwú. Wọ́n ti pèsè kẹ̀kẹ́ àti ohun ìtúlẹ̀ tí ẹran yóò máa fà. Ẹran kú. Eṣinṣin tí Faransé ń pè ní tsé-tsé ló ń gbé àìsàn yẹn kiri, ẹṣin àti màlúù tí kò bá a dàgbà kò lè dúró níwájú rẹ̀. Ènìyàn ni wọ́n wá fi fa kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, dúró pẹ́, ó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní Notsé, odò ló gbé e lọ ní 1909.

Ẹ wá wo màlúù kékeré tó wà ní etí ọ̀sà àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé, èyí tí wọ́n ń pè ní Lagune. Èjìká rẹ̀ kì í sábà ga ju mítà kan lọ. Bí a bá fà á wọ agbo ní Iowa, wọ́n á rò pé ọmọ ọmú ni, kò sí olùyẹ̀wò tí yóò fún un ní ríbọ́nù kankan. Bẹ́ẹ̀ ó ń gbé láàárín eṣinṣin tó pa ẹran àwọn ará Tuskegee, ó ń jẹ, ó ń bímọ. Àgùntàn àti ewúrẹ́ kúkúrú tó wà ní agbolé wa náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìpàtẹ ẹran nílẹ̀ yìí lọ́jọ́ kan, kó kọ́kọ́ pinnu ohun tí òun ń pè ní ẹran tó dára, torí bó bá jẹ́ ìwọ̀n kílò nìkan ni, ẹran tó yẹ ilẹ̀ yìí jù ni yóò kẹ́yìn.

Ó ku ọjọ́ ìkẹyìn ìpàtẹ, ọjọ́ gbàǹjo.

Ọmọ wa fa màlúù rẹ̀ wọ agbo lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń pe iye ń sáré sọ̀rọ̀ débi pé etí kò lè bá a. Àwọn tó jókòó láti rà ni ọlọ́jà ìlú, bánkì, alápatà, ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran. Wọ́n máa ń san ju iye ọjà lọ, kí ọmọ lè rí nǹkan fi sí ìwé ìfowópamọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó fà á lọ sí ẹ̀yìn, ibi tí ọkọ̀ alápatà ń dúró.

Wọ́n ń sunkún níbẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ta màlúù mẹ́fà náà ń sunkún, á kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Àwọn òbí kan gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tó mọ ibi tí ẹran ti wá kò ní fi oúnjẹ ṣòfò. Àwọn mìíràn sọ pé ìkà ni láti ní kí ọmọ fẹ́ràn nǹkan fún oṣù mẹ́wàá kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á lọ. Ní 2022, ní California, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan ní òun kò lè jọ̀wọ́ ewúrẹ́ òun mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á ní 902 dọ́là. Ìyá rẹ̀ gbé ewúrẹ́ náà sá, ó bẹ̀bẹ̀ pé òun yóò san owó tó bá yẹ. Àwọn aláṣẹ ìpàtẹ kò gbà. Ọlọ́pàá wakọ̀ ọ̀nà jíjìn lọ mú ewúrẹ́ náà wá, wọ́n sì pa á. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ní 2024 wọ́n gbà láti san 300,000 dọ́là. Àwọn kan ṣì ń sọ pé òfin ni òfin, pé ọmọ ti fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Bàbá tó bá àgbò rẹ̀ nínú igbó láàárọ̀ Iléyá kì í pe ọlọ́pàá.

Ọmọ wa kò sá. Ó dúró títí wọ́n fi ṣí ọgbà. Ó yọ okùn ìjánu kúrò lórí màlúù, torí ẹran nìkan ni wọ́n rà, okùn jẹ́ tirẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú okùn yẹn lórí itan, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ó fi í kọ́ sórí ìṣó nílé ẹran. Nígbà tí ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí ọmọ màlúù mìíràn dé, okùn yẹn kan náà ni wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀. Ẹran tuntun náà gbóòórùn rẹ̀ pẹ́ kó tó jẹ́ kí wọ́n fi í sí òun lórí.